Ọ̀já Tó Gbọ́dọ̀ Mọ Ìgbà Tí Yóò Tú

Ọ̀rọ̀ eyín ló délẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe eyín tó ń roni. Ọ̀rọ̀ eyín tó hù síbi tí kò yẹ kó wà ni, àti irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń fà á padà.

Headgear ni àwọn dókítà ń pe irinṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín lè má tíì fojú rí i rí. Ẹni tó bá rí i lójú ọmọ fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín, tàbí kí àánú ṣe é: irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láti ẹnu, ó pín sọ́tùn-ún sósì, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì lọ sẹ́yìn, ọ̀já kan sì gbá a mú lẹ́yìn ọrùn tàbí lórí. Ohun tó jẹ́ kí n mú un wá sórí afẹ́fẹ́ ni pé apá kan rẹ̀ wà tí kò gbọdọ̀ tú rárá bí ọmọ bá wọ̀ ọ́, apá kejì sì wà tó gbọ́dọ̀ tú wéré bí nǹkan bá fà á lójijì. Bí èyí tó yẹ kó dúró bá lọ tú, tàbí tí èyí tó yẹ kó tú bá lọ dúró, ojú ọmọ ló wà nínú ewu. Ojú ni mo wí, n kò wí eyín.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló kan ilẹ̀ Ìgbómìnà wa nínú èyí. Ó kàn wá dáadáa. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn àbúrò wa ń bẹ ní Houston, àwọn ọmọ wọn sì ń wálé ní ọlidé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ló ń sanwó títo eyín fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, bí àbùkù eyín náà bá ti le dé ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀. Nítorí náà, kó má ya màmá àgbà lẹ́nu bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ike kékeré kan lọ́wọ́, tó ní kí wọ́n bá òun so irin inú rẹ̀ mọ́ ẹnu lálẹ́. Àwọn dókítà tó ń to eyín wà ní orílẹ̀-èdè tiwa náà, ní àwọn ilé-ìwòsàn yunifásítì bíi ti Ìbàdàn, ti Ifẹ̀ àti ti Èkó. Òbí tó bá lágbára láti ìhín náà lè gbé ọmọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ẹwà sọ́tọ̀. Èjí kì í ṣe àìsàn. Bí àlàfo bá wà láàárín eyín iwájú ọmọ yín, tó ń jẹun dáadáa, tó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe wù ú, ẹ fi èjí rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ohun tí dókítà ń wò ni bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣe pàdé. Bí eyín iwájú òkè bá yọ síta kọjá ti ìsàlẹ̀ ju mílímítà 6 lọ, ó ti wọ ipò tí wọ́n ń tọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ju 9 lọ, ipò tó le jù lọ nínú ìwọ̀n wọn ló wà. Kì í ṣe torí ẹwà nìkan. Eyín tó yọ síta báyìí ló máa ń kọ́kọ́ bá ilẹ̀ pàdé bí ọmọ bá ṣubú lórí bọ́ọ̀lù tàbí lórí ọ̀kadà, ètè kì í sì í lè bò ó.

Ìwádìí kan wà tí dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Onyeaso ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ ọdún 12 sí 17, tó jáde ní ọdún 2004. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, bí 24 ni eyín wọn pàdé bó ṣe yẹ kó pàdé gan-an. Bí 14 ni ti òkè ti gba iwájú jù, bí 12 sì ni ti ìsàlẹ̀ ló gba iwájú. Ìdajì tó kù, ìpàdé eyín wọn kò burú, àmọ́ eyín wọ́ tàbí ó fún pọ̀. Ẹ fi 14 àti 12 yẹn sọ́kàn, mo máa padà sí wọn.

Irinṣẹ́ yìí kì í ṣe nǹkan tuntun. Norman Kingsley, dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà tó kọ ìwé ńlá lórí àbùkù ẹnu ní 1880, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi orí fa eyín. Lẹ́yìn rẹ̀, Edward Angle, ẹni tí wọ́n ka sí bàbá iṣẹ́ títo eyín, ní kò pọn dandan, pé rọ́bà inú ẹnu tó. Ọ̀rọ̀ Angle sì lágbára nígbà náà débi pé wọ́n gbàgbé ọ̀já orí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Silas Kloehn ló jí i dìde ní 1947, tó so ọ̀já rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrùn. Láti ìgbà náà ló ti tàn kálẹ̀ káàkiri ayé, ìgbà náà náà sì ni ewu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀. Irin méjì ni, tí wọ́n jó pọ̀ láàárín, níbi tó ti yọ láàárín ètè. Ti inú wọ ẹnu lọ, orí rẹ̀ méjèèjì sì ki bọ ihò kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eyín ńlá tí a fi ń lọ oúnjẹ lókè, ìyẹn èyí tí ọmọ máa ń hù ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Ti ìta gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá. Ọ̀já tó ní rọ́bà tàbí sípíríǹgì ló wá fa ti ìta sẹ́yìn. Agbára ìfà náà máa ń tó gíráàmù 250 sí 500 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 12 sí 14 lóòjọ́, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ máa ń wọ̀ ọ́ títí di òwúrọ̀, kì í wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé.

Ìfà yìí kọ́ ni ewu. Eyín mọ bí wọ́n ṣe ń fara da a. Ewu wà níbi irin inú tó yọ kúrò ní ihò rẹ̀ nígbà tí ọ̀já ṣì so mọ́ ẹ̀yìn ọrùn. Nígbà náà, kànnàkànnà onírọ́bà ló kù sí ọmọ lójú. Bí ọmọ mìíràn bá di irin náà mú, tó fà á síwájú, tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì, yóò ta padà síbi tó ti wá, orí rẹ̀ méjèèjì tó tín-ín-rín ni yóò sì ṣáájú. Ìwọ̀n àlàfo tó wà láàárín orí irin méjèèjì yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìwọ̀n tó wà láàárín ẹyin ojú ọmọ ènìyàn. Ẹ ronú ìyẹn wò.

Ìròyìn ọmọ tí irin yìí gún lójú kì í ṣe àròsọ. Ní 1975, ẹgbẹ́ àwọn dókítà títo eyín ní Amẹ́ríkà ti fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ní 1985, àwọn dókítà ojú níbẹ̀ kọ nípa àwọn ọmọ tí irin yìí ṣe lójú léṣe gan-an. Ní 1988, Booth-Mason àti Birnie tún gbé ìròyìn ọmọ kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 1994, àwọn dókítà eyín méjì, Samuels àti Jones, kó àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ṣẹlẹ̀. Àbájáde wọn ló yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Ìgbà mìíràn, eré ni ọmọ ń ṣe tí irin fi yọ. Ìgbà mìíràn, ọmọ mìíràn ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ìgbà mìíràn, ọmọ náà ló ń tú u tàbí tó ń so ó lódìlódì, tó fẹ́ gba orí bọ́ ọ láìtú ọ̀já. Ẹ̀kẹrin ni èyí tó máa ń bà mí lẹ́rù jù: ọmọ sùn, ó yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, irin yọ lójú oorun, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Kí nìdí tí ọgbẹ́ yìí fi burú ju ọgbẹ́ ojú mìíràn lọ? Inú ẹnu ni irin náà ti ń bọ̀. Itọ́ ló wà lára rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú ẹnu gbogbo wa sì wà nínú itọ́ náà. Ihò tó lu ojú lè kéré débi pé a kò ní rí ẹ̀jẹ̀, ó sì lè má dun ọmọ púpọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́. Ọmọ lè fọwọ́ nu ojú, kó máa ṣeré lọ. Àmọ́ kòkòrò ti wọlé, inú ẹyin ojú sì jẹ́ ibi tí oògùn kì í tètè dé. Nígbà tí ojú yóò fi pọ́n, tí yóò fi wú, ó lè ti bọ́. Nígbà mìíràn, ara ọmọ fúnra rẹ̀ á tún dìde sí ojú kejì tí irin kò kàn rárá, kí ó sì ba ìyẹn náà jẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti lo irinṣẹ́ yìí tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tí yóò fi ojú ọmọ ta tẹ́tẹ́ torí eyín?

Àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ náà gbọ́ igbe yìí, wọ́n sì padà sórí tábìlì. Ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí wọ́n dá ni ọ̀já tó ń já fúnra rẹ̀. Wọ́n fi ike kékeré kan sí ibi tí ọ̀já ti pàdé irin. Bí ìfà bá wà ní ìwọ̀n tó yẹ, ike náà á dúró. Bí ẹnì kan bá wá fà á kọjá ìwọ̀n yẹn, ike á yọ, rọ́bà á sì pàdánù agbára rẹ̀ kí irin tó lè ta padà. Ó dára. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kó oríṣiríṣi rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń já ní ìwọ̀n kan náà, pé àwọn kan ń fẹ́ kí a fà wọ́n jìnnà kí wọ́n tó jọ̀wọ́.

Ike yìí kò sì lè ran ọmọ tó ń sùn lọ́wọ́. Lójú oorun, ẹnikẹ́ni kò fa irin. Ó kàn rọra yọ kúrò nínú ihò rẹ̀ ni. Èyí ló mú kí Samuels ronú sí apá kejì. Ó ṣe irin kan tí wọ́n ń pè ní Nitom, tó ní ìkọ́ kékeré tó ń há sẹ́yìn ihò eyín, tí kò fi ní lè yọ àfi bí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ tú ìkọ́ náà. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Àwọn kan tẹ orí irin padà kó lè yípo bíi ti ìdí abẹ́rẹ́, kó má ní ṣóńṣó. Àwọn kan fi ọ̀já ike líle kan kún un, tí kì í nà bíi rọ́bà, tí yóò di irin mú síbi tó wà kó má lè jìnnà sí ẹnu.

Bí ẹ bá bi mí pé èwo ló dára jù, n kò ní mú ọ̀kan. Ìdáhùn ẹgbẹ́ àwọn dókítà títo eyín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fara mọ́: ó kéré tán, ọgbọ́n ààbò méjì ló gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Èyí tó ń já nígbà ìfà, kí ó wà. Èyí tí kò jẹ́ kí irin yọ nínú eyín, kí ó wà. Dókítà tó bá fún ọmọ ní ọ̀já rọ́bà lásán pẹ̀lú irin tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á lọ sílé.

Ní báyìí, títún-un-ṣe. Orí ọmọ kan kò jọ tòmíràn, orí ọmọ kan náà kò sì ní dúró bákan náà láti oṣù kan sí èkejì. Ọmọ ń dàgbà, eyín ń rìn sẹ́yìn. Bí eyín ẹ̀yìn bá ti ń rìn, irin inú á máa súnmọ́ eyín iwájú, bí kò bá sì sẹ́ni tó tún un ṣe, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Ìdí nìyí tí ọ̀já fi ní ihò lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n sì fi ń fi síkéèlì kékeré wọn agbára ìfà rẹ̀ ní gíráàmù nígbàkígbà tí ọmọ bá padà lọ. Dókítà tó fọwọ́ fà á tó ní ó ti tó, láìwọ̀n ọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Ibi tí ìfà dojú kọ náà ṣe pàtàkì. Ọ̀já tó wà lẹ́yìn ọrùn ń fa eyín sẹ́yìn, ó sì ń fà á sísàlẹ̀ díẹ̀. Fún ọmọ tí ojú rẹ̀ kúrú, ìyẹn lè ṣe é lóore. Fún ọmọ tí ojú rẹ̀ gùn, tí eyín iwájú rẹ̀ kì í pàdé bó bá pa ẹnu dé, yóò tún bà á jẹ́ ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún ní ọ̀já tó gba àtàrí, tó ń fa eyín sókè àti sẹ́yìn. Wọ́n tún lè tẹ apá irin ìta sókè tàbí sísàlẹ̀, tàbí kí wọ́n gé e kúrú, kí eyín má baà dà nù síbi tí wọn kò fẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ dókítà ni gbogbo èyí. Bàbá tó ní píláyà nílé, kó jọ̀ọ́ fi í tún jẹnẹrétọ̀ ṣe.

Wàyí o, àwọn tó ṣe ọ̀já orí yìí, ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì, kò ro irun wa mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èsìẹ́ yóò ti rí irú irun tí mo ń sọ. Ilé yẹn ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n ṣí i, ère òkúta inú rẹ̀ sì tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wo ara àwọn ère náà, ìjókòó wọn, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Èmi máa ń wo orí wọn: irun gogoro, ìdì tó ga, fìlà oríṣiríṣi. Orí tí wọ́n dì lọ́jọ́ kan báyìí, tí wọ́n tú lọ́jọ́ kejì, kì í ní ìwọ̀n kan. Ọmọbìnrin tí wọ́n wọn ọ̀já àtàrí fún nígbà tó gé irun, tó wá di ṣùkú lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀já yóò fún un ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, agbára tó ń fa eyín rẹ̀ yóò sì yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ihò kankan. Bó bá di kolẹ́sẹ̀, ìdí irun náà bọ́ sí ọrùn gan-an níbi tí ọ̀já ọrùn yẹ kó jókòó. Bó bá tú gbogbo rẹ̀, ọ̀já á dẹ̀, irin á sì máa mì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ irú irun tí ọmọ sábà máa ń dì, kí ọmọ sì di irun tó fẹ̀ sílẹ̀ pẹlẹbẹ ní gbogbo àsìkò ìtọ́jú. Ọmọ tó ń lo híjáàbù, kó so ọ̀já tán kó tó fi híjáàbù sí i, kó sì kọ́kọ́ bọ́ híjáàbù kúrò kó tó tú ọ̀já, kí aṣọ má baà kọ́ irin.

Ibí yìí náà ni ààbò àti títún-un-ṣe ti ń bá ara wọn jà díẹ̀. Bí ihò tí a lè yí ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí a lè ṣì í yí ń pọ̀ sí i. Ọ̀já ike líle tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá dè é dẹ̀ jù, irin á ráyè yọ kúrò nínú ihò, ọ̀já náà á sì di ọ̀ṣọ́ lásán. Bí wọ́n bá dè é le jù, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa eyín, ìwọ̀n gíráàmù tí dókítà ṣe á sì dàrú. Ohun tó dára jù ni kí dókítà fi bírò sàmì sí ihò tó yẹ, lọ́tùn-ún àti lósì, níṣojú ìyá ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún un. Ẹ̀yin ìyá tó bá ń sọ pé kí n fún un díẹ̀ sí i kó lè tètè parí, ẹ jọ̀ọ́, eyín kì í rìn kíákíá torí pé a fà á le. Ìrora ni yóò mú wá, ó sì lè ba gbòǹgbò eyín jẹ́.

Mo ní n óò padà sórí 14 àti 12. Àwọn 14 yẹn, àwọn tí ti òkè gba iwájú, ni irinṣẹ́ tí mo ń sọ láti àárọ̀ wà fún. Àwọn 12 kejì, tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wọn ló yọ, òmíràn ni tiwọn: ó dúró lé iwájú orí àti àgbọ̀n, rọ́bà sì ń fa párì òkè bọ̀ wá síwájú. Delaire, ará Faransé kan, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọn jù. Ewu ojú rẹ̀ kéré púpọ̀ nítorí pé irin rẹ̀ kò ki bọ inú eyín, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré ló ń ṣiṣẹ́ fún jù, kó tó pé ọdún mẹ́wàá. Tí ẹ bá sì rí i pé ọmọ yín ń fi eyín ìsàlẹ̀ bo ti òkè, ẹ má dúró títí yóò fi wọ girama.

Ọ̀nà mìíràn tún wà lóde òní tí kò ní ọ̀já kankan. Láti 1977 ni William Clark ní Scotland ti ṣe ike oníbejì kan tí ọmọ ń jẹ sẹ́nu, tó ń ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú. Àwọn dókítà tún ń fi ìdè kékeré oníkókó, bíi ìṣó tín-ín-rín, sínú egungun ẹnu láti fi ṣe òpó tí wọn yóò fi fa eyín. Èyí ti dín lílo ọ̀já orí kù gan-an. Ẹ bi dókítà yín bóyá ọmọ yín nílò ọ̀já náà lóòótọ́, tàbí ọ̀nà mìíràn wà. Dókítà tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè náà.

Nípa ilé wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í dá sùn. Mẹ́ta, mẹ́rin lórí ẹní kan, ẹsẹ̀ ọ̀kan lójú èkejì. Ọmọ tó bá wọ irin yìí, ẹ jẹ́ kó ní àyè tirẹ̀ títí ìtọ́jú yóò fi parí, bó tilẹ̀ jẹ́ orí àga gbọọrọ ní pálọ̀. Ẹ pe àwọn àbúrò rẹ̀ jọ, kí ẹ fi irin náà hàn wọ́n, kí wọ́n fọwọ́ kàn án nígbà tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, kí ìfẹ́ rẹ̀ lè kúrò lójú wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣòfin: a kì í fọwọ́ kan irin tó wà lójú ẹ̀gbọ́n. Ọmọ tó wà ní bọ́dìn, ẹ sọ fún mátírọ̀nù lójúkojú, ẹ má fi lẹ́tà ránṣẹ́. Bí mátírọ̀nù bá ní òun kò lè ṣọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí irin dúró nílé di ọlidé, kí ẹ sì sọ fún dókítà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún eégún tí gbogbo ọmọ ń sá kiri, kò sí ọ̀já orí lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀lù, ìjàkadì, gígun ọ̀kadà, bákan náà.

Bí ọmọ bá fẹ́ bọ́ ọ, ọ̀já ni yóò kọ́kọ́ tú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó tó fa irin jáde. Bí irin bá yọ lójú oorun, kó má tún un wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì kó tó jẹ́ kí dókítà mọ̀. Irin tó yọ lẹ́ẹ̀kan yóò tún yọ. Oòrùn wa ń mú kí ọrùn làágùn, nítorí náà kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ọ̀já, kí wọ́n sá a síbi òjìji. Bí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún un tàbí tó lé ròrò níbi tí irin ti kàn án, ó lè jẹ́ pé nickel inú irin náà kò bá a lára mu.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ará òkè òkun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irin tí ọmọ yín ti lò tán ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò yín nílé. Tòkunbọ̀ tọ́ fún mọ́tò, ó tọ́ fún fíríìjì. Irin yìí, orí ọmọ kan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún. Ihò tí yóò ki bọ̀ kò sí lára eyín ọmọ kejì, ike tó ń já lára rẹ̀ sì ti lè gbó tí kò fi ní já mọ́. Ẹ tún kíyè sí àwọn tó ń lẹ wáyà mọ́ eyín fún oge. Wọn kì í ṣe dókítà, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tí wáyà wọn yóò fa eyín gbà.

Kí n wá parí pẹ̀lú ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́, títí kan ilé tí kò ní ọmọ tó ń lo irin yìí, nítorí ẹ̀yin lè wà nítòsí lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀. Bí irin yìí bá kan ojú ọmọ, bó ti wù kí ọgbẹ́ náà kéré tó, bí ọmọ tilẹ̀ ní kò dun òun, ilé-ìwòsàn ni. Ẹ má ro omi ọmú sí i, ẹ má ro ìtọ̀, ẹ má fún ewé sí i, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ ra á, ẹ má sì tẹ aṣọ mọ́ ọn. Ẹ fi ife mímọ́ bò ó láìjẹ́ kó kan ẹyin ojú, kí ẹ wọ mọ́tò. Bí ẹ bá gba ilé-ìwòsàn ìjọba ní Òmù-Àrán kọjá, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí ẹ̀ka ojú ní ilé-ìwòsàn yunifásítì ní Ìlọrin lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ mú irin náà dání. Kí ẹ sì sọ fún dókítà ojú, kó tó bèèrè, pé inú ẹnu ni ohun tó gún ọmọ yìí ti wá, nítorí oògùn tí yóò lò dúró lórí ìyẹn. Ẹ má sùn mọ́jú ọjọ́ kejì.